Góòlù Bàbá Mi Nínú Ìwé Àsàlátù

Bàbá mi kì í parọ́, àfi tí ọ̀rọ̀ bá kan bọ́ọ̀lù. Ohun tí èmi àti àbúrò mi gbà gbọ́ láti kékeré nìyẹn. Lọ́dọọdún, tí a bá ti jẹ ẹran Iléyá yó, Bàbá á bẹ̀rẹ̀ ìtàn góòlù tí wọ́n gbá ní pápá Peckham Rye ní London. Nígbà tí mo wà ní prámárì, àárín pápá ni wọ́n ti gbá a. Nígbà tí mo fi máa relé ọkọ, góòlù náà ti ń ti ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ rélùwéè wọlé. A máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, àṣé ó máa ń dùn wọ́n.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n jọ ń kírun ló dá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tí Bàbá ń gbá fún sílẹ̀. Líìgì ọjọ́ Àìkú àdúgbò kọ̀, kò forúkọ wọn sílẹ̀. Wọ́n ní àyè ti kún. Lọ́dọọdún ni àyè ń kún, fún àwọn aláwọ̀ dúdú nìkan. Àwọn ẹgbẹ́ inú líìgì ṣáà ń bá wọn gbá, Bàbá sì ń nà wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó wọnú ìwé.

Láìpẹ́ yìí, líìgì kọ lẹ́tà sí wa. Wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n ní ẹni tó bá ní ẹ̀rí kó mú un wá, àwọn á kọ góòlù rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀rí wo? Ṣé ẹsẹ̀ ni kí wọ́n gbé lọ fi hàn wọ́n ni?

Mọ́mì dìde. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n gbé ìwé ńlá kan jáde. Ìwé àsàlátù ni, ìyẹn ìpàdé àdúrà tí àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wa máa ń ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Mọ́mì ni akọ̀wé wọn nígbà náà. Tí wọ́n bá ti ṣàdúrà tán, gbogbo wọn á gba Rye lọ wo àwọn ọkọ wọn, Mọ́mì á sì ṣí ẹ̀yìn ìwé kan náà, wọ́n á kọ ọjọ́, ẹgbẹ́ tí wọ́n bá gbá, àti ẹni tó gbá góòlù wọlé. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Mọ́mì sókè.

Lẹ́yìn náà ni mo wá kà á dáadáa. Bàbá Ìbejì, ọ̀kan. Alápatà, ọ̀kan. Bàbá wọn, mẹ́ta. Kò sí orúkọ ẹnì kankan níbẹ̀.

“Mummy, kí lẹ wá kọ báyìí?”

“Ṣé kí n máa wá pe ọkọ ọlọ́kọ lórúkọ ni? Ẹ̀yin ọmọ London yìí, ẹ ò ní respect.”

Ọmọbìnrin òyìnbó tó ń tọ́jú ìwé líìgì wá sílé lọ́sàn-án Sátidé. Bàbá dárúkọ àwọn yòókù fún un. Nígbà tó kan “Bàbá wọn”, ìyẹn Bàbá fúnra wọn, ọmọbìnrin náà ní òun ò lè gba ẹ̀rí lẹ́nu ẹni tó ni góòlù. Ẹni tó kọ ọ́ ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Gbogbo wa wo Mọ́mì.

Mọ́mì ò pe orúkọ Bàbá rí. Kódà lọ́dọ̀ dókítà, “my husband” ni.

“Mummy, ẹ kàn sọ ọ́ now,” ni àbúrò mi wí. “It's not that deep.”

Mọ́mì ní kó pa ẹnu ẹ̀ dé. Wọ́n tún ìborùn wọn ṣe, wọ́n wolẹ̀, wọ́n wá pe orúkọ náà jẹ́jẹ́, tòun ti orúkọ ìdílé. Bàbá kọjú sí fèrèsé. Omi kún ojú wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Orúkọ Bàbá ti wà nínú ìwé líìgì báyìí, lókè pátápátá láàárín àwọn tó gbá góòlù jù ní sáà tí Mọ́mì kọ sílẹ̀. Mo fi férémù sí ẹ̀dà ojú ìwé náà, mo gbé e kọ́ sí pálọ̀. Bàbá kì í fi bẹ́ẹ̀ wò ó. Ní Iléyá tó kọjá, a jẹun tán, mo ń retí góòlù ẹnu ọ̀nà rélùwéè. Bàbá ní rárá, ìtàn ọjọ́ tí ìyá wa pe orúkọ àwọn ni àwọn fẹ́ sọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni Mọ́mì pè é. Lẹ́nu Bàbá, ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹta.