Fáìlì Títì, Kọ́kọ́rọ́ Lọ́wọ́ Mi

Lójú ọ̀gá wa ti Sakété, "ẹ" ni mo máa ń pè é. Nínú ìtàn yìí, "ó" ni mo máa pè é. Inú mi ò tíì rọ̀ sí i.

Bírò wa, ìyẹn ọ́fíìsì, jẹ́ méjì, ọ̀kan ní Pobè níbi tí èmi wà, ọ̀kan ní Sakété lọ́dọ̀ ọ̀gá. Iṣẹ́ wa ni ká máa wọn oko ọ̀pẹ àwọn àgbẹ̀, ká sì wo bí ilẹ̀ wọn ṣe rí. Inú fáìlì kan ṣoṣo lórí kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, bírò méjèèjì la sì jọ ń lò ó. Bí ẹnì kan bá ti ṣí i láti kọ nǹkan, ó ti tì mọ́ àwọn yòókù nìyẹn, àfi tí ẹni náà bá pa á dé. Èmi ni wọ́n fún ní agbára láti já títì náà. Àmọ́ bí mo bá já a, ohun tí ẹni yẹn kọ tí kò tíì fi pamọ́ á ṣòfò.

Ìyá àgbà kan wà ní Igana. Ètò kan dé pé àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ bá wà nínú fáìlì wa máa gba ọ̀pẹ tuntun tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ gé ògbólógbòó ọ̀pẹ kúrò nílẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ní kí ìyá gé tiẹ̀. Ó gé e tán pátá. Mo wọn ilẹ̀ náà, mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni mo jókòó láti kọ oko rẹ̀ sí i. Ọjọ́ Ajé ni fáìlì máa lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń pín ọ̀pẹ. Ó ti wà ní títì, orúkọ ọ̀gá ló wà lórí rẹ̀. Mo pè é títí, kò gbé e. Ẹnì kan ní Sakété ló sọ fún mi pé ó ti wọ aṣọ funfun, ó ti bọ́ bàtà, ó ti lọ síbi ìkórè ìjọ wọn. Ó fi fáìlì sílẹ̀ ní ṣíṣí lórí tábìlì, ó ti ilẹ̀kùn bírò, ó di ọjọ́ Ajé.

Ọwọ́ mi wà lórí títì yẹn, ẹ̀rù sì bà mí. Ní bírò wa, ọmọdé kì í fọwọ́ kan iṣẹ́ àgbà láìgbàyè. Ẹnì kan dán an wò rí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbogbo wa kí wọ́n tó dárí jì í. Ni mo bá dá ọgbọ́n òmùgọ̀. Mo ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, mo kọ oko ìyá sínú ẹ̀dà, mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá pé kó bá mi pa méjèèjì pọ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, oko ni mo wà lọ́nà Onigbolo. Ọ̀gá dé, ó fi tiẹ̀ ránṣẹ́ bó ṣe wà, láìsí oko ìyá nínú rẹ̀. Ó ní òun ò rí ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Tèmi burú jùyẹn lọ, tara ẹlòmíì ló bá mi dákẹ́.

Mo padà lọ wo fáìlì náà. Láti ìgbà tí ọ̀gá ti ṣí i títí tó fi pa á dé, kò kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sí i. Òfo ni mo ń bọ̀wọ̀ fún láti ọjọ́ Ẹtì.

Mo gun alùpùpù lọ sí Igana. Ìyá jókòó lórí kùkùté ọ̀pẹ kan láàárín ilẹ̀ gbalasa. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò fi ọ̀kan bò. Ó bi mí bóyá kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Mo ní ó wà.

"Kí ló dé tí o ò ṣí i?"

"Àgbà ló tì í, ìyá. Mi ò lè já iṣẹ́ àgbà."



"Èmi ńkọ́, ọmọ mi? Èmi kì í ṣe àgbà?"