Wọ́n ní kí ọmọ mi kọrin pe òjò

Bí a ṣe délé báyìí ni mo ń tẹ èyí.

Ọ̀sẹ̀ Omi ni wọ́n ń ṣe nílé ìwé àwọn ọmọ mi ní Ajégúnlẹ̀. Tíṣà tó ń kọ́ wọn lórin wá kọ́ wọn ní orin tí wọ́n fi ń pe òjò.

Mo lọ mú Ẹniọlá, ọmọ mi, lọ́sàn-án yìí, mo bá a níwájú kíláàsì, òun nìkan, ó ń sunkún.

Mo bi tíṣà náà pé, "Àǹtí, kí ló ṣe?"

"Mọ́mì Ẹniọlá, ó ní òun ò ní kọrin."

Ọmọ mi ní, "Mọ́mì, mi ò fẹ́ pe òjò. Á tún wọ ilé wa."

Òótọ́ ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, orí tábìlì la sùn.

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé torí ilé yín ni òjò ò ṣe ní rọ̀ mọ́? Ó yá, smile! Kọ ọ́!"

Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Ẹniọlá ti nujú, ó fipá rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ tán. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Mo fà á lọ́wọ́ jáde. Lójú ọ̀nà ló bi mí pé, "Mọ́mì, tó bá rọ̀ lónìí, ṣé èmi ni mo pè é?"

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n fi dá a lóhùn?