Orúkọ Méjì Tí Mo Pè Fún Akọ̀wé

Òórùn aró ló máa ń mú mi padà sí ẹ̀yìnkùlé ìyá bàbá mi ní Kabba. Ọwọ́ rẹ̀ a dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, òfì rẹ̀ a fara ti ògiri, a máa fi àpasà gbá òwú wọlé, pà, pà, láti àárọ̀. Èmi ò lè jókòó jẹ́ẹ́ nídìí òfì, ọ̀rẹ́ mi, o ṣáà mọ̀ mí. Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, ara mi ò tiẹ̀ balẹ̀ rárá, torí akọ̀wé kan ti dé láti wá kọ orúkọ àwọn tí yóò dìbò, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì ti ra fìlà tuntun nítorí ẹ̀.

Abẹ́ mángòrò lójúde baálé wa ni wọ́n ti ń kọ ọ́. Baálé ni yóò jẹ́rìí pé ọmọ ilé ni ènìyàn kí akọ̀wé tó kọ ọ́ sílẹ̀. Obìnrin ò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní Òkè Ọya ìgbà yẹn, tí wọ́n ka Kabba mọ́, obìnrin kì í dìbò. Mo ṣáà lọ dúró lẹ́yìn ọgbà, mò ń pààrọ̀ ẹsẹ̀. Nígbà tó kan ẹ̀gbọ́n mi, baálé mi orí.

"Èyí kọ́. Ẹ̀yìn ni ìyá àgbà rẹ̀ pọn bàbá rẹ̀ sí nígbà tó ti Bida dé. Ta ló mọ Tápà tó bí i? Ọmọ tí ẹrú bí lóko ẹrú kì í ṣe ọmọ ilé mi."

Háà! A máa ń gbọ́ ọ lábẹ́lẹ̀, bí àwọn ọmọdé bá ń jà lódò, àmọ́ àgbà kankan ò là á mọ́lẹ̀ lójú gbogbo ayé rí. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí fìlà, ó ń fún un mọ́wọ́. Mo sáré lọ sọ fún ìyá àgbà nídìí òfì.

Ó dìde. Ó nu ọwọ́ sí ìró, aró ò kúrò, ó jáde bẹ́ẹ̀. Ó kí gbogbo wọn, "Okun o," ó sì kọjú sí baálé, tó fi bí ọdún mẹ́wàá jù lọ.

"Wọn ò jí mi gbé. Ọdọọdún ni Bida ń gba ènìyàn bí ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ìlú yìí. Nígbà tó kan ilé wa, ìwọ ni wọ́n fẹ́ fà lé wọn lọ́wọ́. Ìyá rẹ sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́. Bàbá rẹ wá ní kí wọ́n mú èmi ọmọ àbúrò òun, torí òbí mi méjèèjì ti kú, kò sí ẹni tí yóò sunkún mi. O rò pé kí ló dé tí ìyá rẹ fi ń gbé iṣu tuntun wá fún mi lọ́dọọdún títí ó fi kú? Bí mo bá jẹ́ ẹrú, dípò ta ni?"

Baálé wolẹ̀ títí.

"Ìyá mi ò sọ fún mi," ló wí. Ó yíjú sí akọ̀wé. "Kọ ọ́. Ọmọ ilé ni."

Ìyá àgbà ò lọ. "Èmi ńkọ́?" Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Màmá, a kì í kọ obìnrin." Ìyá wo ìwé náà, ó wo ẹ̀gbọ́n mi tí inú rẹ̀ ń dùn, ó padà sídìí òfì. Inú ń bí mi sí baálé, sí akọ̀wé, àní sí ẹ̀gbọ́n mi tí kò ṣe mí ní nǹkan kan. Àwọn àgbà ní ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í dúró jẹ níbẹ̀. Mo mọ òwe náà tipẹ́. Ọjọ́ yẹn ni mo rí ẹni tó ni orí náà. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ "ọmọ ilé," ohun tó máa ń sọ sí mi lọ́kàn ni ẹni tí wọ́n fi dípò ẹlòmíràn.

Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó gbà kí obìnrin ìhà ọ̀dọ̀ wa dìbò. Ìyá àgbà ti kú. Mo lọ tò ní kùtù láti forúkọ sílẹ̀, mo ró ìró aró rẹ̀. Akọ̀wé ọjọ́ náà ní, "Orúkọ?" Mo pe tèmi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe tìyá àgbà tẹ̀ lé e. Ó ní orúkọ ẹnì kan ṣoṣo lòun bi mí. Mo ní mo gbọ́, kó kọ tèmi, àmọ́ kó kọ́kọ́ jẹ́ kí n pe tìyá àgbà tán.