Bí Mo Ṣe Pààrọ̀ Sọ́fítíwíà Mi Nítorí Àdúrà Àna

Sọ́fítíwíà tí mo fi ń gé fídíò ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣakí ti dàgbà tó ẹni tó ń gbéyàwó. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, á kọ́kọ́ ronú. Bí mo bá tún un tẹ̀, ojú rẹ̀ á ṣú, á dákẹ́, bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun tí kò mọ ibi tó wà. Ṣùgbọ́n ó ní òdòdó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú di òdòdó yẹn. Kò sí ìyàwó kan tí mo ṣe fídíò fún láti Ṣakí dé Ọ̀fíkì tí òdòdó pupa kò rọ̀ lé lórí bí òjò. Lẹ́yìn òdòdó, ẹyẹlé á fò kọjá. Lẹ́yìn ẹyẹlé, ọkọ ìyàwó á yọ jáde láti inú àwòrán ọkàn kan tó ń mì. Òdòdó kan náà ni fún gbogbo wọn, ẹyẹlé kan náà ni. Mo tiẹ̀ ti fi ẹyẹlé náà sí fídíò ìsìnkú rí, ìdílé olóògbé sì dúpẹ́.

Láràárọ̀ ni kọ̀ǹpútà ń bi mí bóyá mo fẹ́ ẹ̀dà tuntun. Láràárọ̀ ni mo ń dá a lóhùn pé ó di ìgbà mìíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ìdí, àlàyé kún ẹnu mi. Mo ní oṣooṣù ni wọ́n ń gba owó ẹ̀dà tuntun bí owó ilé, bẹ́ẹ̀ èmi ti kọ́lé. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà mí. Ó pẹ́ kí n tó mọ ibi tí gbogbo bọ́tìnì arúgbó yìí wà; n kò fẹ́ padà di ọmọ iléèwé nígbà tí irùngbọ̀n mi ti ń funfun.

"Bàbá Ìbejì," ìyàwó mi á ní, "ṣé ẹ ń dúró kí ẹyẹlé yẹn yé ẹyin ni?"

"Ìwọ tí o ṣì ń lo ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá rẹ fi sílẹ̀ fún ọ ńkọ́?"

"Tèmi ń ránṣọ o."

Mo kọjú sí kọ̀ǹpútà, mo tún tẹ ìgbà mìíràn.

Ọ̀rọ̀ wá di tipátipá nígbà tí àbúrò ìyàwó mi obìnrin fẹ́ lọ́kọ ní Iṣẹ́yìn. Òkè òkun ni ọkọ ti ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ti so yìgì tán, kò ní pẹ́ tí ìyàwó á tẹ̀lé e lọ. Bàbá wọn, àgbẹ̀ oníṣu, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àfi tí wọ́n bá ń ṣàdúrà. Tí wọ́n bá ti tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, kódà ẹni tó ń kọjá lọ á dúró. Wọ́n pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àna mi, àbíkẹ́yìn mi rèé. Ibi tó ń lọ yìí, ẹsẹ̀ mi ò lè débẹ̀. Àdúrà tí mo bá ṣe fún un lọ́jọ́ yìgì, mo fẹ́ kó mú un dání, kó máa gbọ́ ọ lọ́hùn-ún. Ìwọ ni kí o bá mi dì í fún un."

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀." Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àyà mi ti kan ilẹ̀ kí n tó rántí arúgbó tó wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Fóònù tuntun tí ìyàwó mi rà ni mo fi ya yìgì náà, nítorí kámẹ́rà mi ti ń ya gbogbo ènìyàn bí ọsàn tó pọ́n. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo gbé e fún arúgbó. Ohùn jáde, àwòrán kọ̀, òkùnkùn biribiri. Mò ń gbọ́ Bàbá, n kò rí Bàbá. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn. Mo gbá a létí. Mo bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, mo di ojú mi, mo gba ẹ̀dà tuntun.

Háà, ẹ̀dà tuntun! N kò tíì rí ẹ̀rọ tó kẹ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Ó bi mí bóyá kí òun bá mi fọ ohùn mọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé kí òun yọ ariwo kúrò? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé kí òun gé ibi tí àtúnwí bá wà dànù? Ta ló fẹ́ àtúnwí? Bẹ́ẹ̀ ni! Mo jáde lọ jẹun. Nígbà tí mo máa fi dé, ó ti parí gbogbo rẹ̀. Mo wo ìbẹ̀rẹ̀, ó ń dán bí ọmọ tí wọ́n fi òróró pa lára. N kò wo ìyókù. Kí ni mo tún fẹ́ wò? Ṣebí ẹ̀rọ ló ṣe é. Mo lọ sọ fún gẹrígẹrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi pé ẹni tó bá ṣì ń lo ẹ̀dà àtijọ́ láyé ìsinsìnyí, ojú rẹ̀ ni kò là.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ìyàwó máa gbéra lọ sí Èkó ni èmi àti ìyàwó mi gbé fídíò dé Iṣẹ́yìn. Gbogbo ilé jókòó sí pálọ̀. Èmi dúró ti tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tó ṣe tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀.

Bàbá yọ nínú fídíò, wọ́n tẹ́ ọwọ́. "Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ á ṣọ́ àbọ̀ rẹ á fi ọmọ rere kẹ́ ọ o ò ní sọnù sí àjò ọkọ rẹ ò ní kọ̀ ọ́..." Wọ́n ń sáré bọ́ láti inú àdúrà kan sínú òmíràn bí ẹni tó ń pèrò sọ́kọ̀ Ìgànná ní gáréèjì. Kò sí ẹni tó dá wọn lóhùn.

Ìyá wọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Àmín dà?"

"Àmín wo, Ìyá?" mo ní.

"Èyí tí a ṣe! Mo ṣe é títí ọ̀nà ọ̀fun fi ń dùn mí. Ta ló kó o?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

"Àna mi, ṣé wọ́n kọ àdúrà mi ni?"

"Rárá o, Bàbá. Ẹ̀rọ ni. Ó rò pé ariwo ni. Ó tún rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń wí ṣáá, ó pè é ní àtúnwí."

"Ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe mùsùlùmí ni?" Ìyá bèèrè.

"Ìyá, kìrìsìtẹ́nì náà ń ṣe àmín," ìyàwó mi ní. "Ọkọ mi ló ní kó gé e."

Kí ilẹ̀ lanu ni mo ń wá. Lọ́dọ̀ wa, àdúrà tí ẹnikẹ́ni kò ṣe àmín sí dà bí ẹrù tí a dì tí a kò so: kò ní dé ibi tó ń lọ. Ojúlówó rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà ní Ṣakí; mo ti pa á rẹ́ nínú fóònù. Ọkọ̀ Èkó sì ti ń fun fèrè lẹ́nu ọ̀nà, àpótí ìyàwó ti wà nínú búùtù. Ìyàwó tuntun ń wò mí; kò bú mi, ìyẹn ló wá burú jù.

Bàbá dìde. "Fóònù dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi, sà."

"Gbé e sókè. Má gé nǹkan kan."

Ìyàwó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀ àti báàgì ìrìn àjò lọ́rùn. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ilé sì ń dáhùn. Àwọn aládùúgbò gbọ́, wọ́n wọlé. Awakọ̀ tó ń fun fèrè pa mọ́tò, ó dúró ní ẹnu ilẹ̀kùn, òun náà ń ṣe àmín. Ewúrẹ́ ké. Ìyá fun imú. Fóònù ẹnìkan dún, wọ́n sì lé e jáde. Nígbà tí wọ́n parí, mo fi í ránṣẹ́ sínú fóònù ìyàwó, bó ṣe wà gan-an.

"Ó ti wọlé?" Bàbá bi í.

Ó tẹ̀ ẹ́. Àmín bú jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya etí. Bàbá mirí pé ó dára, wọ́n ní kí awakọ̀ máa gbé e lọ.

Ẹ̀dà tuntun ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà mi. Òun ni mò ń lò báyìí, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó bá bi mí, rárá ni. Láìpẹ́ yìí ni ìyàwó fi ohùn ránṣẹ́ láti òkè òkun pé òun ń gbọ́ àdúrà náà, ọkọ òun náà sì ń bá wọn ṣe àmín.

"Ṣùgbọ́n bùrọ̀dá, ẹnìkan wà nídìí fóònù yẹn tí ohùn rẹ̀ bo ti gbogbo ènìyàn. Bàbá ò tíì sọ ohun tí wọ́n ń tọrọ tán tó ti ṣe àmín. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni?"

Mo dáhùn pé èmi ni, pé bí ó bá fẹ́, mo lè bá a gé ohùn mi kúrò níbẹ̀.

"Ẹ̀yin kẹ̀?" ni èsì tó dé. "Bùrọ̀dá, ẹ má dá a láṣà."