Ẹsẹ̀ Ìyá Àdúrà Nínú Sìmẹ́ńtì

Òórùn sìmẹ́ńtì tútù ló dá mi dúró lẹ́nu géètì ẹ́sítéètì wa ní Oniru láàárọ̀ yìí. Bíríkìlà kan ń mọ bọ́m̀pù síbẹ̀. Kíá, mo ti padà di ọmọdé lójú ọ̀nà Addo, lọ́sàn-án ọjọ́ tí bàbá mi àtàwọn aládùúgbò mọ bọ́m̀pù sáàárín títì wa, nítorí àwọn tó ń sá eré àsápajúdé.

Àwa ọmọdé là ń ṣọ́ ọ kó tó gbẹ. Èmi mú imọ̀ ọ̀pẹ dání bí ọlọ́pàá. Ni Ìyá Àdúrà, aládùúgbò wa tó ń lọ ìjọ aláṣọ funfun, bá yọ nínú sùtánà, láìwọ bàtà, bí ìṣe wọn. Ojú wọn wà lókè, ẹnu wọn ń kọrin. Ká tó pariwo, ẹ̀pa ò bóró mọ́: ẹsẹ̀ wọn ti rì sínú sìmẹ́ńtì!

A rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó sílẹ̀. Bàbá mi fẹ́ dán ojú ibẹ̀ padà.

"Ẹ fi í sílẹ̀ o, Bàbá Ṣadé." Ìyá Àdúrà wá fẹnu sún mọ́ etí mi, bí gbogbo èèyàn ti máa ń ṣe. "Ẹsẹ̀ mi á máa bá wọn ṣọ́ ẹ."

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé torí tèmi, tí n kì í gbọ́ hóònù, ni wọ́n ṣe mọ bọ́m̀pù náà.

Láàárọ̀ yìí, mo bọ́ bàtà kan, mo rọra tẹ sìmẹ́ńtì náà. Bíríkìlà lanu, ó ń pariwo. N ò kúkú gbọ́.