Ọjọ́ Tí Bọ̀dá Ṣèyí Fi Yorùbá Kí Mi

Láàárọ̀ àná, mo ń gbá iwájú ilé mi ní Uwasota, ní Bìní níbí, nígbà tí mo gbọ́ ohùn aládùúgbò mi lórí fóònù. Ó ń sọ pé, "Kò sí nǹkan kan. Ara wọn kàn ò yá díẹ̀ ni. Ẹ ṣáà máa bọ̀." Ohùn náà rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo gbálẹ̀ mi tán, mo wọlé lọ jókòó. Ẹkún ò gbọ̀n mí. Mi ò lè sọ pé ohun kan pàtó ń ṣe mí. Mo kàn jókòó síbẹ̀ títí tíì mi fi tutù.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, Ikpoba Hill là ń gbé, nínú yàrá méjì ní àgbàlá kan tí okùn ìsáṣọ ibẹ̀ máa ń dá ìjà sílẹ̀ ní gbogbo Sátidé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni bàbá mi. Màmá mi ń ta ìkòkò àti abọ́ ní ọjà Ekiosa. Yorùbá làwọn méjèèjì ń bá èmi àti àbúrò mi sọ, Pidgin la sì fi ń dá wọn lóhùn. Màmá mi a ní àwọn ò mọ̀ pé ọmọ Bìní làwọn wá bí síbí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má rò pé ẹ̀yin lẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó lè parọ́ fún màmá mi. Oníbàárà a gbé ìkòkò sókè, a yí i wò títí, a wá ní, "Madam, I dey come." Kó tó dé ṣọ́ọ̀bù kejì, màmá mi ti dá ìkòkò padà sáyè rẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n á gbé e sápá kan, oníbàárà yẹn a sì padà wá lóòótọ́. Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ẹni tó ń bọ̀ lóòótọ́ máa ń béèrè ìgbà tí àwọn máa palẹ̀ mọ́. "Má wo ojú èèyàn," ni wọ́n wí. "Ojú mọ irọ́ í pa. Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ ni kó o mọ̀, kó o wá gbọ́ ti òní."

Èmi náà kó sí wọn lọ́wọ́. Mo fọ́ abọ́ kan, mo kúnlẹ̀, mo fi Yorùbá tó jinlẹ̀ ṣàlàyé bí ológbò ṣe gbá a dànù. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ìgbà wo lo gbọ́ Yorùbá?" Orúnkún mi ṣì wà nílẹ̀ tí wọ́n fi lọ mú pàṣán.

Ọmọ ìlú bàbá mi ni Bọ̀dá Ṣèyí, báńkì ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n á wá jẹun lọ́dọ̀ wa. Láti ẹnu géètì ni wọ́n ti máa ń pariwo, "Big head, you don chop my meat?" Èmi ni big head. Mo máa ń bínú, ṣùgbọ́n mo máa ń dúró dè é.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ibà mú àbúrò mi, màmá mi ò sì lọ sọ́jà. Bàbá mi ti lọ sí Àkúrẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n fẹ́ kan òrùlé ilé tí wọ́n ń kọ́ síbẹ̀. Ọ̀sán gangan ni Bọ̀dá Ṣèyí wọlé pẹ̀lú bàbá àgbà kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bọ̀dá Ṣèyí wò mí, wọ́n ní, "O kú ilé o. Ṣé dáadáa lo wà? Ìwé ń lọ déédéé?" Wọn ò mẹ́nu ba orí mi.

Bàbá àgbà náà ní ara Dádì ò yá díẹ̀, ibà lásán ni, kí Màmá ṣáà máa bọ̀ ní Àkúrẹ́, ọkọ̀ ti wà níta. Bọ̀dá Ṣèyí fi kún un, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n, pé Dádì tiẹ̀ jẹ ẹ̀wà láàárọ̀. Bàbá mi kì í jẹ ẹ̀wà. Tí ẹ bá gbé e síwájú wọn, wọ́n á dìde. Mo wo màmá mi, mo rò pé wọ́n á gbá ọ̀rọ̀ náà mú. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, sà," wọ́n sì wọ yàrá lọ di ẹrù.

Mo tẹ̀ lé wọn. Mo ti mọ̀ pé bàbá mi ti kú. Mo mọ̀ ọ́n láìsí ariwo kankan nínú mi. Ó wá ku bóyá màá sọ ọ́. Tí mi ò bá sọ, wọ́n máa lọ bá a lójijì láàárín ẹbí ọkọ. Tí mo bá sọ, èmi ni màá sọ wọ́n di opó. Màmá mi ń ká ìró, wọn ò wojú mi.

"Ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ?"

"Òótọ́ ni, mà."

Wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n sì ká ìró kejì.

Mi ò sunkún níbi ìsìnkú, àwọn ẹbí ní ọkàn mi le. Ó pẹ́ tí irọ́ yẹn fi wà lọ́rùn mi. Wọ́n ti wó àgbàlá wa, wọ́n ti kọ́ ilé alájà mẹ́ta síbẹ̀. Ojú fóònù la ti ń ka ikú èèyàn báyìí, pẹ̀lú àwòrán rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ ẹ ṣì máa kọ́kọ́ sọ fún ẹ pé ara wọn kàn ò yá díẹ̀ ni.

Mo ti bí ọmọ méjì kí n tó bẹ màmá mi lórí irọ́ yẹn. Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí, wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ kí àwọn ọkùnrin yẹn tó jókòó.

"Kí ló dé tí ẹ wá fi bi mí?"

"Ọ̀nà Àkúrẹ́ jìn," ni wọ́n wí. "Mo fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún mi pé òótọ́ ni, kí n lè lọ bí ẹni tó lọ́kọ."

Wọ́n ń bó ẹ̀gúsí wọn lọ.