Atẹ́gùn Mi Nínú Ẹ̀rọ Ẹ̀gẹ́

Agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni abẹ́rẹ́ aago ara sìlíńdà ọ́síjìn mi wọ ojú pupa. Àwa mẹ́ta la wà ní pálọ̀: èmi tí mo jókòó sórí àga pẹ̀lú rọ́bà nímú, ọmọbìnrin mi tó ti Ìbàdàn dé láàárọ̀, àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣa ẹ̀pà lórí ẹní. Ọmọ mi wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó kọ wákàtí náà sínú ìwé kékeré kan, ó sì ti ìwé náà bọ àpò. Èmi ni mo kọ́ ọ ní irú ìwà bẹ́ẹ̀.

Àdéhùn wa kò ṣòro láti yé ni. Dókítà ti sọ pé ẹ̀dọ̀fóró mi ti gan, pé ọ́síjìn inú irin ni n óò máa fà símú títí ayé mi. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ mi. Ó fẹ́ kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Ìbàdàn. Mo kọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí a ti ń fa ọ̀rọ̀ náà, a fẹnu kò pé n óò wà nílé mi ní Ìgbò-Ọrà, bí sìlíńdà tuntun bá ti ń dé kí ti àtijọ́ tó wọ ojú pupa. Bí ó bá kùnà lẹ́ẹ̀kan péré, n óò di ẹrù mi. Ọjọ́bọ̀ ló yẹ kí ti oṣù yẹn dé. Kò dé. Ọkọ ọmọ mi yóò sì gbé mọ́tò wá láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Mo ti rí yàrá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún mi. Fèrèsé rẹ̀ kò fẹ̀ ju ẹnu agbọ̀n lọ. Ká ní mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ni, n óò ti pe onílé náà lẹ́jọ́.

Iṣẹ́ wolé-wolé ni mo ṣe fún ọdún mọ́kànlélógún. Ó pẹ́ kí n tó wọ ilé ìwé. Irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n mi nígbà tí mo jókòó sí kíláàsì kìíní láàárín àwọn ọmọ tí eyín wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká. Ohun tí mo kọ́ ní irú ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀, n kò fi ṣeré. Láti Ìdèrè dé Igangan, mo wọ ilé onílé, mo yọjú sínú ìkòkò omi, mo fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sára ògiri, mo sì ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún gbogbo ènìyàn: ẹ ṣí fèrèsé, kí atẹ́gùn wọlé. Ẹni tí kò bá ní fèrèsé, mo kọ ìwé kóòtù fún un. Nísinsìnyí, èmi ni mọ́tò ń ru atẹ́gùn wá fún láti Ìbàdàn. Àwọn ará àdúgbò kò sọ nǹkan kan lójú mi, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń kọjá, wọ́n a máa ka fèrèsé mi.

Rọ́bà náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlélógún. Ó dé ibùsùn, ó dé orí tábìlì tí mo ti ń jẹun, ó dé àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé, ibẹ̀ ló parí sí. Ìyàwó mi wà lábẹ́ igi ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn náà. Láti ibi tí rọ́bà parí sí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni. Láàárọ̀, mo máa ń yọ rọ́bà náà nímú, n óò rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin, n óò tu koríko ojú oórì rẹ̀ díẹ̀, n óò sì padà wá jókòó. Láti Ìbàdàn, ìṣísẹ̀ náà yóò ju mẹ́rin lọ.

Iná kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ irin náà. Ẹ̀gbọ́n mi, opó ni òun náà, tó wá ń tọ́jú mi, ní láti kó ààrò rẹ̀ lọ sí ìdí ọgbà. Ó ní ọkọ òun kò lé òun kúrò nídìí ààrò rí, ìyá ọkọ kò lé òun, irin ló wá lé òun. Ṣùgbọ́n wàhálà tó ju ti iná lọ ni ti ìkíni. Ẹni tó bá kí ọ ní ìlú wa kò ní dúró lórí ẹ káàárọ̀. Yóò béèrè ilé, yóò béèrè ọmọ, yóò béèrè ara, ìwọ náà yóò sì dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Dókítà ní kí n má fi èémí ṣòfò, mo wá ń na ọwọ́ sókè. Kò tó oṣù kan tí wọ́n fi ń sọ pé ìgbéraga ti wọ ara Bàbá Wolé-wolé. Ìyàwó mi fi gbogbo ọdún tí a fi wà papọ̀ bẹ̀ mí pé kí n máa sọ̀rọ̀. Ìgbà tó kú tán ni dókítà kọ ìdákẹ́jẹ́ fún mi bí oògùn.

Fún ọ̀rọ̀ tó bá gùn, mo ní síléètì kan. Òun ni mo rà nígbà tí mo wọ kíláàsì kìíní. Igun rẹ̀ kan ti kán.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì yẹn, ọmọ mi fa àpótí mi jáde lábẹ́ ibùsùn tí a gbé wá sí pálọ̀ fún mi.

"Ìyá Àgbà, níbo ni ẹ̀wù òtútù Bàbá wà?"

"Ó wà níbi tó wà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Èmi ò bá ọ di ẹrù kankan. Mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ fi ṣe àdéhùn yín."

"Yorùbá la fi ṣe é. Ẹ jókòó síbẹ̀."

"A jẹ́ pé mo ti sùn lọ."

Ọmọ mi ṣí àpótí. Ó ń ká ẹ̀wù. Ẹ̀gbọ́n mi kì í lè rí ìdákẹ́jẹ́ kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, tó ti bàjẹ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Gààrí ló ń ṣe tà, ẹ̀gẹ́ rẹ̀ sì ti fẹ́ rà sílẹ̀.

"Ọlọ́run ló yọ mí. Ajórin ti jó o láàárọ̀ òní. Ojú mi ló ṣe jó o. Iná náà mọ́ lóló. Ó ní òun ò lo irú irin tí òun fi jó o yẹn rí. Ó ní awakọ̀ tuntun kan ló já irin náà sílẹ̀ fún òun lánàá, òun ò tilẹ̀ ránṣẹ́."

Mo fa síléètì mọ́ra. Ọwọ́ mi kò yá. Mo kọ: Àwọ̀ wo?

"Bàbá ń béèrè àwọ̀," ni ọmọ mi wí.

"Àwọ̀ kí ni?"

"Ti irin tí awakọ̀ já sílẹ̀."

"Dúdú ni. Ọrùn rẹ̀ funfun, ó dà bíi..." Ó yíjú sí igun yàrá, ó wo irin tèmi láti òkè délẹ̀. Ẹ̀pà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó dà bíi ti èyí."

Awakọ̀ tó ń gbé e wá tẹ́lẹ̀ mọ ilé mi. Ẹni tuntun yìí kò mọ̀ ọ́n. Ó rí sìlíńdà, ó wá rí ajórin ní ẹnu ọ̀nà Èrúwà bó ṣe ń wọ ìlú, ó sì gbà pé iṣẹ́ òun ti parí. N kò lè bá a wí. Ta ló tún ń lo irú irin bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ìbàràpá?

Àwọn méjèèjì jáde lọ sọ́dọ̀ ajórin. Ojú pupa kì í ṣe òfìfo. Ó lè gbé mi dé àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo jókòó, mo ń wo abẹ́rẹ́. Mo ronú sí i pé èémí mi ti so eyín ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ pọ̀, pé gbogbo ìlú ni yóò fi mí mu gààrí ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ fún ìlera wọn, n kò wọ inú wọn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Agogo márùn-ún kọjá díẹ̀ nígbà tí ajórin ti ọmọlanke tẹ̀lé àwọn méjèèjì dé ẹnu ọ̀nà, sìlíńdà sùn sórí rẹ̀ bí aláìsàn. Mo mọ ajórin náà dáadáa. Mo ti mú un dé kóòtù rí.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá Wolé-wolé. Ẹ kú ìnira. Ara ń kọ́? Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Mo na ọwọ́ sókè.

"Mo ti gbọ́ pé ẹ kì í dáhùn mọ́," ó wí. "Ẹ kì í dáhùn tẹ́lẹ̀ náà. Lọ́jọ́ tí ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ ní kò sí fèrèsé, ẹ ní èéfín á pa mí. Mo lu ògiri, mo ṣe fèrèsé méjì. Èmi ni mo wá ń mí dáadáa."

"Ṣé o wá kí aláìsàn ni, àbí o wá tún ẹjọ́ rò?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Mo wá dá atẹ́gùn wọn padà, Ìyá. Èyí tó kù nínú rẹ̀."

Kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ó béèrè ọṣẹ, ó sì fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Ó ní epo kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu irú irin yìí, iná ló máa ń dà. Mo fi ọdún mọ́kànlélógún sọ fún ìlú yẹn pé kí wọ́n máa fọwọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí ẹni tó fọ̀ ọ́ láìjẹ́ pé mo dúró tì í.

Ọmọ mi yí aago mọ́ sìlíńdà tuntun. Abẹ́rẹ́ gòkè, ó dúró lágbede méjì. Ìdajì ti lọ sínú ẹ̀rọ.

"Kò lè tó oṣù," ó wí. Ó tún padà sídìí àpótí.

"Ẹ dákẹ́ ná," ni ajórin wí. Gbogbo wa dákẹ́, èmi tí mo ti dákẹ́ láti àárọ̀ náà. Ó dẹtí sílẹ̀. "Irin yín ń súfèé. Ẹ ò gbọ́ ọ?"

Ó da omi ọṣẹ sí oríkèé ibi tí aago ti pàdé irin. Ìfòfó ru sókè níbẹ̀, ó ń bẹ́, ó tún ń ru. Ó ní òrùka kékeré inú rẹ̀ ti gé, pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti so aago náà ni yóò ti máa jò. Ó mú òrùka tuntun jáde láti inú ike kan, ó nù ún, ó fi í sí i, ó fi sípánà fún un. Ó tún da omi ọṣẹ sí i. Kò sí ìfòfó.

Oṣù mẹ́jọ ni aago náà ti wà lọ́dọ̀ mi. Oṣù mẹ́jọ ni ọ́síjìn ti ń jò sínú pálọ̀ mi, tó sì ń gba fèrèsé tí mo ṣí sílẹ̀ jáde lọ bá àwọn aládùúgbò.

Ọmọ mi fi bírò ṣírò nǹkan kan sẹ́yìn ìwé rẹ̀. "Bí kò bá jò mọ́, ìdajì yìí á tó bí odindi," ó wí, bí ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí ìṣirò ara rẹ̀. "Ṣùgbọ́n àdéhùn ni àdéhùn, Bàbá. Abẹ́rẹ́ ti wọ ojú pupa."

Mo kọ ọ́ sí síléètì: Lánàá ni tuntun ti dé.

"Ọ̀dọ̀ ajórin ló dé sí."

Mo nu síléètì, mo kọ: A ò sọ ibi tí yóò dé sí.

Ó ka á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ka á sókè fún ẹ̀gbọ́n mi.

"Hẹn," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Yorùbá tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà nìyẹn."

"Ṣebí ẹ ti sùn lọ."

"Apá ibẹ̀ ni mo jí."

Ajórin ń ká okùn ọmọlanke rẹ̀ ní gbogbo àkókò náà. "Irú ẹjọ́ tí Bàbá bá mi rò nìyẹn," ó wí. "Wọ́n á borí yín, Àǹtí. Ẹ kàn lọ lu ògiri."

Ọmọ mi pa ìdérí àpótí dé. Lẹ́yìn náà, ó fi ẹsẹ̀ tì í padà sábẹ́ ibùsùn pẹ̀lú ẹ̀wù inú rẹ̀. Ó ní bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, òun ò ní ka síléètì kankan. Mo mi orí pé mo gbà.

Ọkọ rẹ̀ dé ní agogo mẹ́jọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sì ṣí ẹ̀yìn mọ́tò fún ẹrù mi. Òfìfo sìlíńdà ni ẹrù tó rí. Mo ní kí wọ́n gbé e dúró síbi àtẹ̀gùn ná. Agolo ọ̀dà pupa tí mo fi ń kọ ara ògiri ṣì wà lókè àjà, búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti le, mo fi kẹrosíìnì rọ̀ ọ́ nídìí ọgbà, níbi tí ààrò tí kò tíì níná wà, mo sì nù ún gbẹ. Mo jókòó sórí àpótí ìjókòó. Mo kọ orúkọ ìlú sí ikùn irin náà, níbi tó jìnnà sí ẹnu rẹ̀, mo kọ nọ́ńbà ilé mi sábẹ́ rẹ̀, ní irú lẹ́tà tí mo fi kọ ti gbogbo ènìyàn. Mo dúró gba èémí lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀dà náà kò tíì gbẹ tí wọ́n fi gbé e lọ fún àwọn tó ń rọ ọ́síjìn sí i ní Ìbàdàn.

Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi. Mo yọ rọ́bà nímú, mo lọ tu koríko.